Bí Ẹ Ṣe Lè Yẹ Èsì Ìbò Àtijọ́ Wò: Àpótí 13 ní Texas

Iṣẹ́ ọ́dítọ̀ ni mò ń ṣe ní Houston, àwọn ọmọ wa tó ń ka ìtàn nílé ẹ̀kọ́ níbí sì máa ń bi mí pé báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ bóyá wọ́n ṣe màgòmágó nínú ìbò tó ti pẹ́. Ìbò sẹ́nétọ̀ tí wọ́n dì ní Texas lọ́dún 1948 ni mo fi ń kọ́ wọn. Ẹ wá bébà àti bírò.

Ẹ kọ́kọ́ wá ìbò tó jẹ́ ojúlówó. Láyé ìgbà yẹn, ẹgbẹ́ Democrat nìkan ló rí bátiṣe ní Texas, ẹni tó bá ti borí nínú ìbò abẹ́lé wọn ti dé Washington tán. Nítorí náà, ẹ má fi àkókò ṣòfò lórí oṣù kọkànlá tí Lyndon Johnson na Jack Porter ti ẹgbẹ́ Republican. Oṣù keje ni kẹ́ ẹ lọ. Coke Stevenson, tó ti ṣe gómìnà rí, ní 477,077. Johnson ní 405,617. George Peddy ní 237,195. Kò sẹ́ni tó ní ìdajì, ni wọ́n bá tún ìbò dì láàárín àwọn méjì àkọ́kọ́ ní ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ. Ẹ yọ ti Johnson kúrò nínú ti Stevenson, 71,460 ló kù. Ìbò Peddy sì pọ̀ ju ìyẹn lọ dáadáa, àwọn tó dìbò fún un sì lè yan ẹlòmíì nínú àtúndì, nítorí náà pé Johnson lé Stevenson bá kò tíì jẹ́ ẹ̀rí èrú rárá. Ọ̀pọ̀ ló ń kù gìrì níbí yìí.

Wàyí o, àpapọ̀ àtúndì: Johnson 494,191, Stevenson 494,104. Ìbò 87 ni wọ́n fi jura wọn lọ, nínú nǹkan bíi mílíọ̀nù kan. Tí àlàfo bá kéré báyìí, ẹ pa àpapọ̀ tì, kẹ́ ẹ kọ ọjọ́ tí káúńtì (ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wọn) kọ̀ọ̀kan mú èsì wá sílẹ̀. Èyí tó bá yí lẹ́yìn tí ìbò ti parí ni kẹ́ ẹ tẹjú mọ́. Ibẹ̀ lẹ ó ti bá ìlú Alice pàdé, ní káúńtì Jim Wells, níhà gúúsù. Ọjọ́ kẹfà lẹ́yìn ìbò, ìbò 765 tí Àpótí 13, ìyẹn àpótí ìbò ibùdó kan níbẹ̀, ti fún Johnson di 965. Ẹ kọ 7 sórí bébà yín, kẹ́ ẹ tẹ ìlà kékeré kan láti pa ẹnu rẹ̀ dé. Ẹ rí i pó ti di 9. Stevenson rí méjì péré gbà nínú àfikún náà.

Ẹ wá bọ́ sórí ìwé orúkọ àwọn tó dìbò, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Stevenson àti Frank Hamer, ògbólógbòó agbófinró Ranger, lọ sí báńkì kan ní Alice níbi tí ìwé náà wà. Àwọn tó rí i sọ pé orúkọ igba tó gbẹ̀yìn tò tẹ̀ léra bíi A, B, D, pé ọwọ́ kan náà ló kọ wọ́n, pé yíǹkì wọn yàtọ̀ sí ti òkè. Lẹ́nu iṣẹ́ mi, tí mo bá rí rìsíìtì oṣù kan gbáko tí bírò kan ṣoṣo kọ, màá wá ẹni tó gba owó náà lọ. Ohun tí àwọn èèyàn Stevenson ṣe nìyẹn: wọ́n wá àwọn olórúkọ kan, àwọn yẹn sì ní àwọn ò dé ibi ìbò lọ́jọ́ náà.

Ẹ fi káúńtì wé aládùúgbò rẹ̀. Duval tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jim Wells, tí George Parr jẹ́ alágbára ibẹ̀, fún Johnson ní ohun tó lé ní 4,100. Ti Stevenson kò tó 50. Ó jọ èrú, àmọ́ ẹ ṣe sùúrù. Nígbà tí Stevenson ń du gómìnà, òun ni Parr kó ìbò fún bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1941 ẹ̀wẹ̀, ìbò tó pẹ́ dé ló gba ipò sẹ́nétọ̀ lọ́wọ́ Johnson fún Pappy O'Daniel, pẹ̀lú 1,311. Ẹ kọ tọ̀tún-tòsì sílẹ̀, inú mi kì í dùn sí ẹni tó bá sọ ọ̀kan di ẹni mímọ́.

Tó bá kan ti ilé ẹjọ́, ẹ mọ ohun tí adájọ́ sọ àtohun tí kò sọ. Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ Democrat jókòó ní Fort Worth, wọ́n fi 29 sí 28 gbe Johnson. Adájọ́ Davidson ti ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ní kí wọ́n má tíì kọ orúkọ Johnson sínú ìwé ìbò oṣù kọkànlá ná. Hugo Black ti Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fagi lé àṣẹ yẹn nígbà tí wọ́n ṣì ń wádìí àwọn àpótí. Kò sọ pé Johnson ló borí. Ohun tó sọ ni pé ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ò lẹ́tọ̀ọ́ láti dá sí i.

Lópin gbogbo rẹ̀ ni kẹ́ ẹ ka ìjẹ́wọ́ Luis Salas, tó ṣe alákòóso Àpótí 13. Lọ́dún 1977, lẹ́yìn tí Johnson àti Parr ti kú, ó sọ fún akọ̀ròyìn pé ayédèrú ni àwọn ìbò náà. Ẹ̀rí tó wúwo ni, àmọ́ ó pẹ́ kó tó dé, nítorí náà ẹ kọ ọjọ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ sì wò ó bóyá ó bá ìwé orúkọ yẹn mu. Lójú tèmi, ó bá a mu.