Àwọn Àṣìṣe Tí Ń Jẹ Owó Àwọn Tí Ń Lọ Ṣiṣẹ́ Ìhìnrere Ní Niger

Kí ẹ foríjì mí bí ohùn mi bá le díẹ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ kọ yìí. Ọdọọdún ni àwa tí a wà lẹ́nu iṣẹ́ ìhìnrere ní ìlú Maradi, ní orílẹ̀-èdè Niger, máa ń gba àwọn ọ̀dọ́ tó yọ̀ǹda ara wọn láti ilé, tí ìjọ ti dá owó jọ fún, tí wọ́n sì ti gbààwẹ̀ gbàdúrà kí wọ́n tó gbéra. Ọdọọdún náà ni owó tí àwọn ìyá ọlọ́jà jù sínú àpò ọrẹ sì ń ṣòfò lójú mi. N kò ní sọ̀rọ̀ nípa ìpè, nítorí ẹni tí ìpè rẹ̀ kò bá dá lójú kò yẹ kó tíì kúrò nílé. Oúnjẹ, ẹrù, owó, ilé àti aládùúgbò ni ọ̀rọ̀ mi dá lé.

Àṣìṣe kìíní ni ẹrù. Mo lọ pàdé tọkọtaya kan ní ẹnubodè Dan Issa, níbi tí ọ̀nà tó ti Katsina àti Jibiya wá ti wọ ilẹ̀ Niger. Wọ́n kó gàrí, jẹnẹrétọ̀, fíríìsà, matiráàsì àti àpótí gbohùngbohùn tó ga tó ọmọ ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ọkọ̀. Àwọn aṣọ́bodè kò ṣe wọ́n ní ibi kankan. Ọ̀kan nínú wọn kàn ń tú tapólì náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára ẹrù kọ̀ọ̀kan, ìyàwó sì jókòó sórí àpò gàrí, ó ń fi ìwé tí ìjọ fi rán wọn níṣẹ́ fẹ́ ara rẹ̀ nínú oòrùn. Nígbà tí wọ́n fi san owó ẹrù tán, owó oúnjẹ oṣù mélòó kan ti lọ. Lọ́jọ́ kejì mo mú wọn wọ ọjà Maradi, ohun tí a sì kọ́kọ́ bá pàdé ni gàrí tó ti Nàìjíríà wá, tí wọ́n kó jọ gègèrè sínú abọ́. Jẹnẹrétọ̀ wà níbẹ̀. Matiráàsì wà níbẹ̀. Ìlú tó jẹ́ pé òwò pẹ̀lú Kano àti Katsina ni ó sọ ọ́ di ìlú ńlá, kí ni ẹ rò pé ẹ kò ní rí rà níbẹ̀? Fíríìsà náà pàápàá kò ṣeé tàn lọ́jọ́ náà, nítorí ẹnu onígun mẹ́rin ni ti pulọ́ọ̀gì wa, ihò róbótó sì ni ti ara ògiri wọn.

Àpótí gbohùngbohùn yẹn ni ó dùn mí jù. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù lọ ní Niger, ilé tí ẹ ó sì gbà yóò wà láàárín àwọn tó ń jí kírun àfẹ̀mọ́júmọ́. Ẹni tó bá dé lónìí, tó sì fi ìṣọ́ òru dí aládùúgbò lójú oorun lọ́la, tí kò tíì kí bàbá tó wà lójúlé kejì, kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kankan. Ní oṣù January ọdún 2015, nígbà tí àwọn jàǹdùkú ń sun ṣọ́ọ̀ṣì ní Niamey àti Zinder nítorí àwòrán Ànábì tí ìwé ìròyìn kan tẹ̀ jáde ní Faransé, àwọn Mùsùlùmí kan wà tí wọ́n fi àwọn Kristẹni aládùúgbò wọn pamọ́ sínú ilé. Àwọn tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n fi pamọ́. Ẹ kọ́kọ́ mú ọsàn tàbí ṣúgà dání lọ kí àwọn ará àdúgbò, kí ẹ jókòó sórí ẹní, kí ẹ mu tíì líle wọn, kí ẹ má sì wo aago.

Àṣìṣe kejì jẹ mọ́ bí a ṣe ń ka owó. Sẹfa ni wọ́n ń ná, iye rẹ̀ kì í sì í ṣe ségesège bíi ti náírà, nítorí wọ́n so ó mọ́ owó Yúróòpù: sẹfa 655.957 ni yúrò kan. Ṣùgbọ́n nínú ọjà, ì báà jẹ́ Hausa tàbí Zarma ni ẹ ń sọ, dala ni wọ́n fi ń kà á, sẹfa márùn-ún sì ni dala kan. Bí alátà bá dá iye lé ọgọ́rùn-ún dala, sẹfa 500 ni ó ń bèèrè. Àwọn tó ti gbọ́ Hausa láti Jos tàbí Kaduna ni ọ̀rọ̀ yìí máa ń mú jù, torí wọ́n ti rò pé kò sóhun tí ẹnikẹ́ni máa kọ́ àwọn. Arákùnrin kan na ọwọ́ sí oní-kabu-kabu (ọ̀kadà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ níbí), wọ́n dúnàádúrà, wọ́n jọ gbà. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó san ìdá kan nínú márùn-ún, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù nípa òtítọ́ fún ọlọ́kadà nítorí pé ó ní kó san ìyókù. Èrò pé lé wọn lórí. Èmi ni mo lọ tọrọ àforíjì, pẹ̀lú Faransé mi tí àwọn ọmọdé àdúgbò ṣì máa ń sín jẹ.

Ẹ má fi 10,000 sẹfa lọ ra ẹyin láàárọ̀, kò sí ṣéńjì. Owó tó bá ya, ẹ dá a padà lójú ẹsẹ̀, torí wọn kò ní gbà á lọ́wọ́ yín níbòmíràn. Ẹ má sì ṣẹ́ gbogbo náírà yín ní ẹnubodè.

Èdè ńkọ́? Ẹ kò lè fi Faransé nìkan bá ìyá tó ń ta fùrá sọ̀rọ̀. Hausa ni ẹ nílò ní Maradi àti Zinder, Zarma ló wọ́pọ̀ jù ní Niamey. Hausa ti di èdè orílẹ̀-èdè Niger láti ọdún 2025, ṣùgbọ́n Faransé ṣì ni ẹ ó máa bá pàdé nínú ìwé ìgbélùú. Owó tí ẹ fẹ́ fi ra ẹ̀rọ orin, ẹ fi gba olùkọ́.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà apọ́njú àti ti yírùnyírùn, kí ẹ gbà á kí ẹ tó kúrò nílé. Omi kànga, ẹ sè é. Ọwọ́ òsì, Yorùbá ni yín, ẹ ti mọ̀.

Àwọn kan máa ń dé pẹ̀lú kóòtù àti táì. Ní oṣù April àti May, ooru máa ń kọjá ìwọ̀n 40 Celsius, kóòtù náà yóò sì wà lára ìṣó títí. Aṣọ òwú fífẹ̀ ni kí ẹ mú wá, àti súwẹ́tà kan, nítorí òtútù ọyẹ́ ní oṣù December àti January kò mọ ojú àlejò. Òwúrọ̀ kùtù ni kí ẹ ná ọjà, kí ẹ sinmi lọ́sàn-án bí àwọn onílùú ti ń ṣe. Lálẹ́, ìta ni wọ́n ń sùn nígbà ooru. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tí ẹ lè ta síta wúlò ju ẹ̀rọ amúlétutù tí ẹ kò ní lè san owó iná rẹ̀.

Ó ku ilé. Ẹni tó ti gbé Èkó rí á ti fẹ́ san owó ọdún kan tàbí méjì lẹ́ẹ̀kan náà, inú onílé á sì dùn láti gbà á. Oṣooṣù ni àwọn ará ìlú ń san tiwọn, pẹ̀lú owó ìdúró díẹ̀. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ ṣí ẹ̀rọ omi wò ní ọ̀sán gangan nígbà tí omi kì í fẹ́ yọ, ẹ wo òrùlé bóyá páánù lásán ni, ẹ sì bi ayálégbé tó kúrò léèrè ìdí tó fi kúrò. Ẹ san oṣù díẹ̀, kí ẹ gbé ibẹ̀ títí ooru May yóò fi kọjá. Bí ilé náà bá ṣì tẹ́ yín lọ́rùn, ìgbà náà ni kí ẹ bá onílé sọ̀rọ̀ ọdún kan.