Ìdí èèkù ni kí ẹ gbá, kì í ṣe irin àáké

Ẹ̀yin ará oko l'Ékìtì, bí ẹ bá ń ki èèkù tuntun bọ ojú àáké, ìyẹn ihò ara irin, ẹ má fi òòlù lu irin wọlé. Ẹ di èèkù mú lóòró, kí irin wà nísàlẹ̀ láìfara kan ilẹ̀, kí ẹ wá fi kùmọ̀ gbá ìdí èèkù lókè. Irin wúwo, kì í tètè tẹ̀lé igi, nítorí náà igi ni yóò máa rì wọ ojú irin, títí yóò fi yọ díẹ̀ lódìkejì. Ṣùgbọ́n ẹ ti gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ayùn la orí èèkù, kó jìn tó ìdá méjì nínú mẹ́ta ojú àáké. Inú ìlà yẹn lẹ ó gbá ẹ̀là igi líle tó tín-ín-rín lẹ́nu sí, kó fún un gbagidi. Igi gbígbẹ ni o! Èyí tó bá tutù á súnkì tí ọyẹ́ bá dé, irin á sì fò yọ. Rírẹ àáké sómi kó lè fún, tí gbogbo wa ń ṣe yẹn, agbára rẹ̀ kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ. Bó bá gbẹ, á tún mì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àáké ìbílẹ̀ tí irin rẹ̀ gún igi kọjá kò sí nínú èyí. Bẹ́ ẹ ṣe ń la igi ló ń fún ara rẹ̀.