Bí Ọ̀gá Ilé-Iṣẹ́ Kékeré Ṣe Lè Mú Kí Iṣẹ́ Wu Àwọn Òṣìṣẹ́ Rẹ̀

Bí àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní Benin) bá jókòó pọ̀, kì í pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi ń kan àwọn òṣìṣẹ́: wọn kì í tètè dé, wọn kì í ṣiṣẹ́ dáadáa bí ọ̀gá kò bá sí nítòsí, ìfẹ́ iṣẹ́ ti tán lọ́kàn ọmọ ìwòyí. Èmi náà ti ka irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ rí. Ilé ìránṣọ ni mo ní, kò jìnnà sí ọjà Ouando. Òṣìṣẹ́ mẹ́fà ló ń gba owó oṣù lọ́wọ́ mi, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mẹ́ta sì wà pẹ̀lú wọn. Ohun tó ti yé mi lẹ́nu iṣẹ́ yìí ni pé àwa ọ̀gá máa ń sáré wá ohun tí a ó fi kún iṣẹ́ kí ó lè wu òṣìṣẹ́, nígbà tó jẹ́ pé ohun tó yẹ kí a mú kúrò níbẹ̀ ló pọ̀ jù. Ibẹ̀ ni ìmọ̀ràn mi yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Owó ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kì í sì í ṣe iye rẹ̀ nìkan, ọjọ́ tí ó ń dé ọwọ́ wọn náà ṣe pàtàkì. Ní ọdún kan, ilé-ẹ̀kọ́ kan gbé iṣẹ́ aṣọ kákí fún wa kí àwọn ọmọ tó wọlé ní oṣù kẹsàn-án. A rán an tán, wọ́n gbà á, wọ́n sì ní kí a ní sùúrù títí àwọn òbí yóò fi san owó. Èmi náà yíjú sí àwọn òṣìṣẹ́ mi, mo ní kí wọ́n ní sùúrù. Kò sí ẹni tó fèsì burúkú. Ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ẹni tó ti máa ń dé ní aago mẹ́jọ bẹ̀rẹ̀ sí í dé ní aago mẹ́sàn-án, bọ́tìnnì sì ń já lára ṣòkòtò kí oníbàárà tó gbé e délé. Mo pè é ní ìwà ọ̀lẹ. Ní òtítọ́, gbèsè ilé-ẹ̀kọ́ yẹn ni mo gbé lé orí àwọn tí kò bá wọn ṣe àdéhùn kankan.

Nítorí náà, ẹ mú ọjọ́ kan pàtó tí owó oṣù yóò máa jáde, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ níbi tí gbogbo ojú ti lè rí i, kí ẹ má sì yẹ̀ ẹ́. Bí oníbàárà ńlá bá san àsansílẹ̀, ẹ yọ owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ sọ́tọ̀ kí ẹ tó ra aṣọ àti òwú, kí ó wà nínú àkáǹtì MoMo (owó orí fóònù) tàbí ti báńkì tí ẹ kì í ná fún nǹkan mìíràn. Bí ó bá hàn pé owó kò ní pé, ẹ sọ fún wọn ṣáájú ọjọ́ náà, kí ẹ sọ iye tó wà nílẹ̀ àti ìgbà tí ìyókù yóò dé. Ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù ni kí ẹ kọ́kọ́ san fún, nítorí òun ni ebi máa ń tètè kan ilé rẹ̀.

Òfin náà wà nílẹ̀. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 ni owó oṣù tó kéré jù lọ ní Benin ti di 52,000 fáráǹkì sẹ́fà, 40,000 ni tẹ́lẹ̀. Wákàtí 40 lọ́sẹ̀ sì ni òfin là sílẹ̀ fún iṣẹ́ tí kì í ṣe ti oko. Ó yẹ kí orúkọ òṣìṣẹ́ wà lọ́dọ̀ CNSS, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ààbò òṣìṣẹ́, pẹ̀lú, nítorí ọjọ́ ìjàǹbá àti ọjọ́ ogbó. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kò dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀gá tí ó ń sọ fún òṣìṣẹ́ pé “ẹbí kan ni gbogbo wa”, tí kò sì san iye tí òfin ní kí ó san fún un, kò lè retí kí ẹni náà gba òun gbọ́.

Onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Frederick Herzberg, sọ ohun tó jọ èyí ní ọdún 1959, lẹ́yìn tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fọ̀rọ̀ wá àwọn ẹnjiníà àti oníṣirò owó bí 200 lẹ́nu wò ní agbègbè Pittsburgh. Wọ́n rí i pé ohun tó ń bí òṣìṣẹ́ nínú yàtọ̀ sí ohun tó ń mú kí ó fẹ́ràn iṣẹ́. Bí owó, ìlànà ilé-iṣẹ́ àti ìwà alábòójútó kò bá dára, inú yóò bí i. Bí wọ́n bá sì dára, ìbínú yóò lọ, ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kò ní mú kí iṣẹ́ wọ̀ ọ́ lára. Àṣeyọrí, ìyìn, ojúṣe àti ìlọsíwájú ló ń ṣe ìyẹn. Àwọn onímọ̀ mìíràn ti bá a jiyàn, àmọ́ ó bá ohun tí ojú mi rí mu.

Ohun kejì tí ó yẹ kí ẹ mú kúrò ni ìbáwí ní gbangba. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ mi gé apá aṣọ léèsì kan, aṣọ ẹbí ìgbéyàwó ni, ó sì fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà kúrú. Ẹni tó ni aṣọ wà níjòkòó nígbà tí mo pariwo lé e lórí. Ohun kan ṣoṣo ló sọ: “Ẹ má bínú, ọ̀gá, 51 ni mo rí nínú ìwé.” N kò tilẹ̀ wo ìwé náà. Lẹ́yìn oṣù kan, mo ń gbálẹ̀ lábẹ́ tábìlì rẹ̀, mo sì bá aṣọ mìíràn tí ó ti bàjẹ́ tí ó ká pamọ́ síbẹ̀, èyí tí ó ti fi owó ara rẹ̀ ra òmíràn dípò rẹ̀ kí n má baà mọ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó lọ ṣí ìwé ìwọ̀n. 57 ni mo kọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n n kò fa ìlà sí àárín 7 náà bí wọ́n ti kọ́ wa ní ilé-ẹ̀kọ́, ó sì jọ 1 tó ní ìrù lórí. Èmi ni mo ge apá aṣọ yẹn kúrú.

Bí iṣẹ́ bá bàjẹ́, ẹ kọ́kọ́ dá oníbàárà lóhùn, kí ẹ gba ẹ̀bi náà ní orúkọ ilé-iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ pe òṣìṣẹ́ sẹ́yìn, kí ẹ jókòó, kí ẹ sì bi í léèrè bí ọ̀rọ̀ ṣe ṣẹlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí ó sọ tirẹ̀ tán. Bí ẹ̀bi bá jẹ́ tirẹ̀, ẹ sọ ọ́ fún un láìfi ohunkóhun bò, kí ẹ tó wá ọ̀nà tí kò fi ní tún ṣẹlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ tiyín, ẹ sọ ọ́ fún un bákan náà, kí ẹ sì tọrọ àforíjì. Bí ó bá jẹ́ pé gbangba ni ẹ ti bú u, gbangba náà ni kí ẹ ti tọrọ rẹ̀. Kò rọrùn. Mo ṣe é, ọrùn mi gan pa.

Ti ìyìn kò gba àlàyé gígùn, nítorí àwa Yorùbá la ni “yin ni, yin ni, kí ẹni lè ṣe òmíràn”. Àṣìṣe tí ọ̀gá máa ń ṣe ni pé ìyìn rẹ̀ kì í ní ojú ibi tó dúró sí. “Ẹ kú iṣẹ́” kan náà ni ó ń sọ fún gbogbo ènìyàn lójoojúmọ́. Ẹni tó ṣe ohun àrà fẹ́ gbọ́ ohun tó ṣe gan-an. Ẹ sọ pé ìṣẹ́tí yìí tẹ́jú, pé ọrùn aṣọ yẹn kò ká. Nígbà tí oníbàárà bá ń yìn yín, ẹ nawọ́ sí ẹni tó rán an. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi ìyìn ẹnì kan bú àwọn tó kù. Ọ̀tá lẹ ó wá fún ẹni tí ẹ ń yìn.

Ojúṣe ló ṣòro jù láti fún ènìyàn, nítorí ọwọ́ ọ̀gá kì í fẹ́ já a sílẹ̀. Ẹ mú iṣẹ́ kan tó ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin, kí ẹ gbé e lé ẹnì kan lọ́wọ́ pátápátá. Mo fi ríra òwú àti bọ́tìnnì lé obìnrin kan lọ́wọ́, mo ń fún un ní 10,000 fáráǹkì lọ́sẹ̀, ó sì ń kọ ohun tó rà sínú ìwé. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, mo ń béèrè ìdí tí kò fi rà lọ́dọ̀ ẹni tí mo ti máa ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé òwú ti ọ̀dọ̀ ẹni yẹn máa ń já lẹ́nu ẹ̀rọ. Èmi tí mi ò tíì jókòó sídìí ẹ̀rọ láti ọdún mẹ́rin, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀? Mo dákẹ́. Opin ọ̀sẹ̀ nìkan ni mo ń wo ìwé náà báyìí.

Èdè náà wà níbẹ̀. Ní Àjàṣẹ́ níbí, ọmọ Ègùn àti ọmọ Yorùbá ló ń jókòó sídìí ẹ̀rọ pọ̀, Faransé ni ọ̀gá sì máa ń fẹ́ fi pàṣẹ kí ó lè dún bí ọ̀gá. Orí ni wọn yóò mì fún un. Ẹ sọ iṣẹ́ náà ní èdè tí ó yé wọn, kí ẹ sì ní kí ẹnì kan tún un sọ padà fún yín kí àlùmọ́gàjí tó kan aṣọ.

Ní ti àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n rí ibi tí ọ̀nà wọn ń lọ. Ìjọba ní ìdánwò CQM, ti ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ọwọ́, fún wọn. Ẹ sọ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ohun tí ó gbọ́dọ̀ mọ̀ rán kí ó tó lè jókòó fún un, kí ẹ sì má ṣe sọ ọ́ di ẹni tí ń pọnmi, tí ń ra oúnjẹ láti àárọ̀ dalẹ́.

Lákòótán ètò, ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sílẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí ẹ béèrè ohun kan péré: kí ló dí yín lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ yìí? Ẹ má ṣe dá ara yín láre. Ẹ mú ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n sọ, kí ẹ sì tún un ṣe kí ọjọ́ Ajé tó parí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ béèrè rẹ̀, kò sí ẹni tó lanu, àfi ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tó kéré jù, tó sọ pé oòrùn ọ̀sán máa ń ta sí òun lójú láti ojú fèrèsé títí aago mẹ́rin. A máa ń sọ pé òṣìṣẹ́ wà lóòrùn, ẹni tí yóò jẹ ẹ́ wà níbòòji. N kò mọ̀ pé inú ṣọ́ọ̀bù mi gan-an ni wọ́n ti ń pa á lówe. Mo ra aṣọ fèrèsé lọ́jọ́ Ajé, mo fi ọwọ́ ara mi kàn án mọ́ ibẹ̀. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e, ẹni mẹ́ta ló ti ń dúró de ọ̀rọ̀ kí n tó jókòó.