Bí A Ṣe Ń Ṣe Ìwé Ìrìn fún Àwọn Ọmọ Iléèwé Tó Ń Lọ sí Igbó Ọ̀ṣun

Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo fẹ̀ tó hẹ́kítà 75, ojúbọ inú rẹ̀ sì tó 40. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kò lè wo gbogbo rẹ̀ láàárọ̀ kan. Iṣẹ́ ìwé ìrìn, ìyẹn ìwé kékeré tó ń tọ́ ọmọ sọ́nà láti ibì kan sí òmíràn nínú igbó, ni láti dá a dúró níwájú ohun díẹ̀, kó wò ó dáadáa.

1. Ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ. Ẹ lọ sí ààfin Àtáọ́ja, ọba Òṣogbo, ẹ rí Ìyá Ọ̀ṣun àti Àwòrò, àwọn olórí olùbọ Ọ̀ṣun, kí ẹ sì kọ lẹ́tà sí àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó musíọ̀mù àti ohun ìrántí. Ẹ béèrè ibi tí a kì í ti ya fọ́tò, ìtàn tí a kì í kọ sílẹ̀, àti ọjọ́ tí àlejò kì í wọlé. Ẹni tó bá fo èyí, ìwé tó ti tẹ̀ tán ni yóò fi dáná.

2. Ẹ yan ibi mẹ́fà péré. Tí ẹ bá fún ibì kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wákàtí kan ti lọ nìyẹn. Ẹ fi ààbọ̀ wákàtí kún un fún ìrìn. Ẹ má kó oríṣi kan náà jọ. Ẹ mú etí odò, ààfin àtijọ́ tó wà nínú igbó, igi ńlá kan, iṣẹ́ igi Kàsálì Àkàngbé, àti ère sìmẹ́ǹtì méjì lára èyí tí Susanne Wenger (Àdùnní Olórìṣà), oníṣẹ́ ọnà ọmọ Austria, àti àwọn bí Adébísí Àkànjí ṣe.

3. Ìbéèrè ni ẹ̀mí ìwé náà. "Ta ló ṣe ère yìí?" kò wúlò; ọmọ á dà á kọ láti ara pátákó, kò ní gbójú sókè. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Ka ọwọ́ tó wà lára ère yìí. Kí ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe?" Tí a bá lè dáhùn ìbéèrè kan nínú kíláàsì láìdé igbó, ẹ yọ ọ́. Ọ̀rọ̀ àlàyé kò gbọdọ̀ ju 40 lọ níbì kọ̀ọ̀kan.

4. Títẹ̀. Lẹ́tà ìwọ̀n 14, ojú kan fún ibì kan. Àmì ohùn máa ń di àpótí òfìfo tí kọ̀ǹpútà ìtẹ̀wé kò bá ní irú lẹ́tà tí ẹ lò, nítorí náà PDF ni kí ẹ gbé lọ, kí ẹ sì tẹ ẹyọ kan wò kí ẹ tó tẹ ìyókù. Ẹ fi rọ́bà bo ìwé náà nítorí òjò, kí olùkọ́ sì gbà á padà lẹ́nu ọ̀nà. Inú ìwé tiwọn ni kí àwọn ọmọ kọ ìdáhùn sí. Bébà tí a bá fún wọn mú lọ, ilẹ̀ igbó ló ń kún.

5. Ẹ kọ lẹ́tà sí àwọn òbí. Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì wà nínú wọn, ẹ̀rù ìbọ̀rìṣà sì lè mú kí wọ́n dá ọmọ dúró sílé. Ẹ sọ gbangba pé a kò ní ní kí ọmọ kankan wárí tàbí bu omi mu. Èyí kejì ti ìlera ni: ìwakùsà wúrà lápá òkè ti ba omi Ọ̀ṣun jẹ́, ìjọba sì ti kìlọ̀ fún aráàlú. Ẹ fi kún un pé a kì í gun ère, a kì í sì í mú oúnjẹ dání, nítorí àwọn ọ̀bọ inú igbó.

6. Ẹ dán an wò. Ẹ mú ọmọ mẹ́wàá àti olùkọ́ kan tí kò bá yín ṣe é. Ẹ má ṣàlàyé ohunkóhun. Ibi tí wọ́n bá ti ń béèrè "kí la ó ṣe?", ẹ tún un kọ.

7. Àwọn àgbà tó sọ ìtàn. Ẹ gba ìyọ̀ǹda wọn kí ẹ tó gba ohùn wọn sílẹ̀, ẹ san owó àkókò wọn, kí ẹ kà á fún wọn létí kí ó tó di títẹ̀. Ẹ̀dà kan wà fún ààfin, ọ̀kan fún Ìyá Ọ̀ṣun.

Ẹ má ṣètò ìrìn yìí sínú ọdún Ọ̀ṣun ní oṣù kẹjọ, èrò á ti pọ̀ jù. Ẹ tún rìn ọ̀nà náà kí sáà tuntun tó bẹ̀rẹ̀. Ère tí wọ́n ń tún ṣe lè wà lábẹ́ ìbòrí lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ bá dé.