Ẹ Gba Ìwé Àṣẹ Kí Ẹ Tó Gba Iṣẹ́ Ọgbà ní Kalifọ́rníà

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tó ń bá oníbàárà tún àyíká ilé ṣe ní ìpínlẹ̀ Kalifọ́rníà. Koríko gígé lásán kò nílò ìwé àṣẹ agbaṣẹ́ṣe, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ ri páìpù omi mọ́lẹ̀ tàbí kí ẹ to òkúta sí àgbàlá, tí owó iṣẹ́ náà pẹ̀lú ohun èlò sì tó 1,000 dọ́là, ẹ gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ tí wọ́n ń pè ní C-27. Bí ẹ bá pín iṣẹ́ kan sí wẹ́wẹ́ kí owó rẹ̀ lè kéré, òfin kò gba irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí wọ́n bá kọ́kọ́ dá lẹ́bi lè fi ẹ̀wọ̀n oṣù 6 jura, ó lè san owó ìtanràn tó tó 5,000 dọ́là, ó sì lè jẹ́ méjèèjì pọ̀. Lójú tèmi, ibi tó ti ń dunni jù ni pé ẹ kò lè pe oníbàárà tó jẹ yín lówó iṣẹ́ lẹ́jọ́, nígbà tí òun lè pè yín lẹ́jọ́ kó sì gba gbogbo ohun tó ti san padà, títí kan owó tí ẹ ti fi ra òkúta àti simẹ́ńtì, kódà bó bá mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ẹ kò ní ìwé àṣẹ.

Bó bá jẹ́ iṣẹ́ kékeré nìkan lẹ ń ṣe, ẹ kọ ọ́ sínú ìpolówó yín pé ẹ kò ní ìwé àṣẹ, nítorí òfin béèrè fún ìyẹn náà.