Kíkan òrùlé shingle ní Chicago nígbà òtútù

Òógùn ara yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣọ́ra fún. Ẹni tó bá gbé ìdì shingle (abala pẹlẹbẹ ọlọ́dà tí wọ́n fi ń bo òrùlé) gun àkàbà á làágùn, bó ti wù kí ìta tutù tó. Tó bá wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó ń kan ìṣó nínú atẹ́gùn, òógùn náà á di omi tútù sí i lára. Kọ́tìnì máa ń fa omi mu, kì í sì í tètè gbẹ, torí náà ẹ má wọ̀ ọ́ mọ́ ara. Aṣọ onírun àgùntàn tàbí polyester ló yẹ kó kan ara, fleece (aṣọ múlọ́múlọ́ tó ń móoru) á tẹ̀ lé e, jákẹ́ẹ̀tì tí atẹ́gùn ò lè gbà kọjá á wà lókè. Ẹ ṣí sípì kẹ́ ẹ tó gbẹ́rù; tí ẹ̀yìn bá ti rin, ó ti pẹ́ jù. Ẹ mú ìbọ̀wọ́ mẹ́ta dání, kí ọ̀kan máa gbẹ nínú ọkọ̀. Láti ẹsẹ̀ bàtà 6 sókè ni OSHA (àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò lẹ́nu iṣẹ́) ti ní kí ààbò ìṣubú wà: orí jákẹ́ẹ̀tì ni kẹ́ ẹ de bẹ́líìtì ààbò gbogbo ara (harness) sí, kẹ́ ẹ sì tún un fún nígbàkigbà tẹ́ ẹ bá bọ́ aṣọ kan kúrò.

Láàárọ̀, ẹ fọwọ́ kan òrùlé kẹ́ ẹ tó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ìrì dídì kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn lórí underlayment oníke (ìtẹ́lẹ̀ abẹ́ shingle), ó sì ń yọ̀ ju ọbẹ̀ ilá lọ. Apá ìlà-oòrùn ló máa ń kọ́kọ́ yọ́, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Gọ́ọ̀mù ló ń ba iṣẹ́ ìgbà òtútù jẹ́ jù. Oòrùn ló ń yọ́ ìlà ọ̀dà ara shingle tó fi ń lẹ̀ mọ́ èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Tí ojú ọjọ́ bá wálẹ̀ ju 4°C (40°F) lọ, kò ní lẹ̀, ìjì sì lè ṣí i kí ìgbà ooru tó dé. Ọwọ́ ni kẹ́ ẹ fi lẹ̀ ẹ́ nígbà náà, pẹ̀lú ọ̀dà òrùlé inú túùbù, èyí tó bá ìlànà ASTM D4586 mu. Shingle alápá mẹ́ta ń fẹ́ ẹ̀kán méjì lábẹ́ apá kọ̀ọ̀kan. Laminated (shingle onípele tí wọ́n lẹ̀ pọ̀) ń fẹ́ mẹ́rin, kí wọ́n jìnnà síra dọ́gba. Kí ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó íǹṣì kan, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ: epo inú ọ̀dà náà máa ń rọ shingle, tó bá pọ̀ jù, shingle á wú. Túùbù tó bá sùn síta kò ní jáde, ẹ fi pamọ́ sínú jákẹ́ẹ̀tì. Shingle tó tutù máa ń sán tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lórí góńgó òrùlé. Ìdì mẹ́ta-mẹ́rin ni kẹ́ ẹ máa gbé gòkè, kí ìyókù wà níbi tó gbóná.

Omi inú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ (ẹ̀rọ tó ń fún afẹ́fẹ́) máa ń dì sínú rọ́bà ẹ̀rọ ìkanṣó. Ẹ da omi inú táǹkì rẹ̀ nù lálaalẹ́, ẹ lo òróró ìgbà òtútù fún ẹ̀rọ ìkanṣó. Ẹ dán ìṣó mélòó kan wò lára àjákù shingle: kí orí ìṣó tẹ́ pẹrẹsẹ. Tó bá wọnú, shingle ti ya nìyẹn. Ẹ dín agbára afẹ́fẹ́ kù.

Ní −18°C, tí atẹ́gùn bá ń sáré kìlómítà 24 ní wákàtí kan, bíi −28°C ló ń rí lára, awọ tí a ò bò sì lè dì láàárín 30 ìṣẹ́jú. Ẹni tó ń gbọ̀n ṣì sàn. Ẹni tí gbígbọ̀n rẹ̀ dáwọ́ dúró, tí ahọ́n rẹ̀ ń lọ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kọ, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kíá, ẹ bọ́ aṣọ tútù lára rẹ̀, ẹ pe 911. Ìka tó funfun tí kò mọ nǹkan lára mọ́, ẹ má ra á, ẹ má nà án síná. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kẹ́ ẹ kì í bọ̀. Ẹ má sì tan ẹ̀rọ amúgbóná oní-gáàsì nínú ọkọ̀ tẹ́ ẹ ti fèrèsé rẹ̀: carbon monoxide, afẹ́fẹ́ olóró tó ń tú jáde lára rẹ̀, kò lóòórùn.

Ní oṣù Kejìlá, oòrùn Chicago ń wọ̀ ní nǹkan bí aago 4:20. Ẹ má tú òrùlé àtijọ́ ju ibi tẹ́ ẹ lè bò tán kí aago mẹ́ta tó lù.