Ẹ Fọwọ́ Wo Ẹpọ̀n Òbúkọ Kí Ẹ Tó Sanwó: Ìwé Ìtọ́sọ́nà fún Àwọn Tó Ń Sin Ewúrẹ́

Àdánù ló mú ìwé yìí jáde. Àwọn obìnrin kan dáwó jọ, wọ́n ra òbúkọ kan tí gbogbo wọn á jọ máa lò. Òbúkọ náà tóbi, ìwo rẹ̀ gùn, òórùn rẹ̀ gba gbogbo àgbàlá, kò sì jẹ́ kí abo kankan sinmi. Wọ́n ka oṣù márùn-ún, ọmọ kò dé. Wọ́n ní àwọn abo ni kò dáa, wọ́n sì kó díẹ̀ nínú wọn lọ sọ́jà. Ìgbà tí dókítà ẹran fọwọ́ kan abẹ́ òbúkọ ni wọ́n tó mọ̀ pé kóró kan ṣoṣo ló wà nínú ẹpọ̀n rẹ̀, èyí tó wà náà sì kéré, ó le gbagidi.

Ẹ ti mọ bí a ṣe ń so ẹran, bí a ṣe ń gbá ilé rẹ̀, bí a ṣe ń já ewé fún un. A ò ní fi ìyẹn gba àkókò yín. Ohun kan là ń bá yín sọ: ọ̀tọ̀ ni kí akọ gun abo, ọ̀tọ̀ ni kí abo lóyún. Àṣìṣe yìí ti pọ̀ jù. Ẹni tó fẹ́ ra òbúkọ á wo ìwo, á wo àyà, á wo àwọ̀, á ná an títí ọ̀nà ọ̀fun á fi gbẹ, kò sì ní fọwọ́ kan ibi tí iṣẹ́ wà.

Iṣẹ́ méjì ni kóró ẹpọ̀n ń ṣe

Èkíní, ó ń da oje kan sínú ẹ̀jẹ̀. Oje yìí ló ń mú òbúkọ rùn, tó ń mú ọrùn rẹ̀ ki, tó ń jẹ́ kó máa ká ètè sókè tó bá gbóòórùn ìtọ̀ abo, òun náà ló ń mú un gun. Èkejì, inú àwọn ìṣàn tín-ín-rín tó wà nínú kóró ni irúgbìn akọ ti ń hù. Irúgbìn yìí kò fẹ́ ooru. Ara ewúrẹ́ máa ń gbóná tó nǹkan bí 39 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Inú ẹpọ̀n gbọ́dọ̀ fi ìwọ̀n 2 sí 6 tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí Ọlọ́run fi gbé e síta. Bí òtútù bá mú, iṣan á fà á mọ́ra. Bí ooru bá mú, á sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Kóró tó bá há sínú ikùn, tí kò sọ̀ kalẹ̀ sínú àpò, á ṣì máa da oje tirẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n irúgbìn kò ní hù nínú rẹ̀. Òbúkọ tí méjèèjì há sínú ikùn á rùn, á jà, á gun gbogbo abo inú ilé, abo kankan kò ní lóyún.

Bí ẹ ó ṣe fọwọ́ wò ó

Kí ẹnì kan di òbúkọ mú lórí ìdúró. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì mú àpò ẹpọ̀n láti òkè, ẹ rọra fà á wálẹ̀. Kóró méjì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Méjì, a ò sọ pé kan. Kí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, kí wọ́n máa yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ nínú àpò, kí wọ́n le díẹ̀ bí iṣan apá ẹni tó di ìkúùkù. Èyí tó bá rọ̀ jù tàbí tó le jù, ẹ má rà á, ì báà jẹ́ ọ̀fẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ìsàlẹ̀ kóró kọ̀ọ̀kan. Ẹ ó bá kókó kan tó yọ síta níbẹ̀. Okùn kan ká ara rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kóró láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìdí okùn náà ni kókó yẹn. Nínú okùn yìí ni irúgbìn ti ń gbó, ní ìdí rẹ̀ ló sì ń dúró sí títí òbúkọ á fi lò ó. Irúgbìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú kóró kò lè lúwẹ̀ẹ́, kò sì lè fún abo lóyún. Tí kókó yìí bá wú, tó gbóná, tí ẹran sì ń jà nígbà tí ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ pe dókítà ẹran kí òbúkọ náà tó dé ọ̀dọ̀ abo kankan. Àrùn brucellosis máa ń wọ ibẹ̀. Ó ń mú kí oyún máa bàjẹ́ lára abo, ó sì ń ran èèyàn láti ara wàrà tí a kò sè àti omi ìbímọ ẹran.

Ẹ wo awọ àpò náà. Èkúkú tó bo awọ ẹpọ̀n ń mú inú rẹ̀ gbóná. Ẹ tọ́jú rẹ̀ kí ẹ tó dá akọ náà padà sáàárín abo.

Láti ibi okùn yìí, ọ̀nà irúgbìn gòkè wọ inú ara. Àwọn àpò kéékèèké kan níbẹ̀ máa ń da omi tiwọn mọ́ ọn, ó di àtọ̀. Àtọ̀ òbúkọ lẹ́ẹ̀kan kì í sábà ju mìlílítà 1 lọ, bẹ́ẹ̀ ṣíbí tíì kan ń gba 5. Síbẹ̀ irúgbìn tó wà nínú rẹ̀ lè ju bílíọ̀nù 1 lọ. Okó ká sínú abẹ́, ó ń nà jáde nígbà tí akọ bá fẹ́ gun. Ṣóńṣó rẹ̀ tín-ín-rín púpọ̀, ibẹ̀ ni òkúta kékeré ti ń há sí lára akọ tí wọ́n ń fi èérí àgbàdo nìkan bọ́. Akọ tó bá ń fún ara rẹ̀ tí ìtọ̀ kò jáde, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ pe dókítà.

Ọjọ́ 60

Irúgbìn máa ń lo bí ọjọ́ 48 kó tó hù tán nínú kóró, á tún lo tó ọ̀sẹ̀ kan ààbọ̀ sí méjì nínú okùn. Nítorí náà, òbúkọ tí ara rẹ̀ gbóná lóṣù yìí, tó ti ń jẹun padà, tó ti ń gun, àtọ̀ rẹ̀ kò tíì sàn. Ẹ fún un ní ọjọ́ 60. Ẹ ò ní fẹ́ dúró, a mọ̀, àmọ́ ẹ dúró. Bákan náà, akọ tí wọ́n tẹ̀ lọ́dàá lónìí ṣì ní irúgbìn tó kù nínú ara. Ẹ yà á kúrò lọ́dọ̀ abo fún ọ̀sẹ̀ 6.

Òbúkọ àgbà kan tó fún abo 20 sí 25. Èyí tí kò tíì pé ọdún kan, abo 10 ti tó o. Akọ ewúrẹ́ ilẹ̀ wa lè fún abo lóyún láti oṣù 4, nítorí náà ẹ yà á kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ àti àwọn arábìnrin rẹ̀ tó bá pé oṣù 3.

Ẹ máa kọ ọjọ́ tó gun abo kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Abo tí kò lóyún á tún wá akọ ní nǹkan bí ọjọ́ 21. Bí ọ̀kan bá padà, ó lè jẹ́ tirẹ̀. Bí mẹ́ta nínú márùn-ún bá padà, òbúkọ ni kí ẹ yẹ̀ wò, ẹ má dúró dé ọjọ́ 150 tó yẹ kí abo bímọ kí ẹ tó mọ̀ pé ẹ ti pàdánù.

Àwọn kan á ta akọ tó dára jù nígbà ọdún, wọ́n á wá fi èyí tí oníbàárà kọ̀ ṣe bàbá agbo. Ìyẹn kò dáa rárá. Akọ tó ní kóró kan ṣoṣo, ẹ pa á jẹ tàbí kí ẹ tà á fún ẹni tó fẹ́ pa á jẹ, nítorí àbùkù yẹn lè kọjá sára ọmọ rẹ̀.

Nínú ilé yín náà

Iṣẹ́ méjì yìí náà ni ẹpọ̀n èèyàn ń ṣe. Ọkùnrin tó lágbára lórí ibùsùn lè má ní irúgbìn tó tó nínú àtọ̀ rẹ̀, ojú kò sì lè rí i. Síbẹ̀ obìnrin ni a ń dá lẹ́bi, bí a ṣe ń dá abo ewúrẹ́ lẹ́bi. Bí ọdún kan bá kọjá tí oyún kò dé, kí tọkọtaya jọ lọ ṣàyẹ̀wò, kí ọkọ má rán ìyàwó nìkan. Àyẹ̀wò àtọ̀ kò ní abẹ́rẹ́ nínú.

Ẹ̀yin ìyá tó ń wẹ ọmọkùnrin, ẹ fọwọ́ wá kóró méjì. Bí ọmọ bá pé oṣù 6 tí ọ̀kan kò tíì sọ̀ kalẹ̀, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Tí iṣẹ́ abẹ bá yẹ, ó dáa kí wọ́n ti ṣe é kó tó pé oṣù 18. Bí ẹpọ̀n bá sì ṣàdédé dun ọmọkùnrin gidigidi, tó wú, ẹ má fi àgbo dúró dè é. Okùn tí kóró fi so rọ̀ nínú ẹpọ̀n lè ti lọ́, kí ẹ̀jẹ̀ má dé kóró mọ́. Ẹ gbé e délé ìwòsàn láàárín wákàtí 6, òru ni o, ọ̀sán ni o.